Ọ̀bẹ ọdẹ àtijọ́: ọwọ́ ta ló ti wá gan-an?

Ọdún tó kọjá la ń tún òrùlé ilé bàbá àgbà mi ṣe, ni ọ̀bẹ kan bá já bọ́ láti inú àjà. Ó ti dógùn-ún, èèkù ẹ̀ ti jẹrà, àkọ̀ aláwọ ẹ̀ ti gan. Àbúrò bàbá mi ní ká jù ú nù, mo ní rárá o, torí ọdẹ ni bàbá àgbà, ọ̀bẹ tó fi ń kun ẹtu àti ọ̀yà nìyẹn. Látìgbà yẹn ni mo ti ń wádìí ibi tí irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ti ṣẹ̀, mo sì ti wá rí i pé iṣẹ́ àwọn baba wa ni, láti orí irin dé èèkù.

Ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ ẹ̀ ná. Bẹ, bíi ká bẹ iṣu, lójú tèmi òun ló bí ọ̀bẹ, òun náà ló bí abẹ tí oníkọlà àti onígbàjámọ̀ ń lò. Ohun tí òyìnbó bá gbé wá, orúkọ òyìnbó ló sábà máa ń bá a wọlé, ẹ wo fọ́ọ̀kì, ẹ wo búrẹ́dì, ẹ wo tọ́ọ̀ṣì. Ọ̀bẹ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, pé nígbà tí àwọn òrìṣà ń bọ̀ wá sáyé, igbó dí wọn lọ́nà, àdá òjé tí Ọbàtálá mú dání tẹ̀, àfìgbà tí Ògún fi àdá irin la ọ̀nà, ni wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀. Òótọ́ ni pé àdá ni ìtàn dárúkọ, àmọ́ ẹni tó lè rọ àdá, ṣé ọ̀bẹ ló máa wá ṣòro fún un? Ní ààfin Ọọ̀ni nílé Ifẹ̀, irin ràbàtà kan wà lójúbọ Ògún Ládìn, àwọn ará Ifẹ̀ ní Ládìn yìí ni alágbẹ̀dẹ Odùduwà. Èmi gbà pé nínú irú arọ alágbẹ̀dẹ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀bẹ ọdẹ ti kọ́kọ́ jáde, torí ìlú tó ní ọba ní láti ní ọdẹ tó ń pa ẹran wálé, ọdẹ tó bá sì pa ẹran sínú igbó, kí ló máa fi kun ún tí kò bá sí ọ̀bẹ? Bóyá àjákù irin tó ṣẹ́ kù lára ọkọ́ àti àdá ni wọ́n tiẹ̀ kọ́kọ́ fi rọ ọ́, torí àwọn alágbẹ̀dẹ kì í fi irin ṣòfò.

Àwọn kan ń sọ pé láti Meroe ní Sudan ni ìmọ̀ irin ti rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Mi ò gbà. Ní Taruga, nítòsí Abuja, láàárín ọdún 1960 sí 1969, awalẹ̀pìtàn kan tó ń jẹ́ Bernard Fagg hú àwọn ìléru àtijọ́ tí wọ́n fi ń yọ́ irin, àwọn ìléru náà sì ti lé ní 2,000 ọdún. Ìyẹn nìkan ò parí àríyànjiyàn náà, àmọ́ òun ló jẹ́ kí n máa ṣiyèméjì.

Títí òyìnbó fi dé, iná yẹn ò kú. C. V. Bellamy tó ń ṣiṣẹ́ fún ìjọba Èkó lọ wo àwọn tó ń yọ́ irin ní Ola-Igbi nítòsí Ọ̀yọ́, ó sì kọ ohun tó rí jáde ní 1904. Irin olówó pọ́ọ́kú láti òkè òkun ló pa iṣẹ́ náà, ìgbà tó yá sípíríìn mọ́tò làwọn alágbẹ̀dẹ ń rọ, ní báyìí ọ̀bẹ ilé iṣẹ́ ló kún ọjà.

Ká padà sórí ọ̀bẹ bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí irú ẹ̀, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń fi máṣìnì iná lọ irin. Ó ń jẹ ojú irin, ó sì ń gbóná débi tí ẹnu ọ̀bẹ á fi rọ̀. Ẹni tí mo kọ́kọ́ gbé tèmi fún ṣe bẹ́ẹ̀, ṣóńṣó orí ọ̀bẹ náà kúrú díẹ̀ títí dòní, ó sì ń dùn mí. Nígbà tí mo gbà á padà, mo rì í sínú kẹrosíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ìpáàrà kúrò díẹ̀díẹ̀, kí n tó wá fi òkúta pọ́n ọn. Ìgbà yẹn ni mo rí i: ìlà dúdú tínínrín tínínrín lára irin náà, bí ìlà ara igi. Alágbẹ̀dẹ àgbà kan ládùúgbò wa wò ó, ó ní ìdàrọ́ nìyẹn, ìdọ̀tí tó ń ṣẹ́ kù sínú irin bí wọ́n bá yọ́ ọ, pé irin tí wọ́n yọ́ nínú ìléru amọ̀ máa ń ní in, sípíríìn mọ́tò kì í ní in. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Bàbá yẹn ló gbẹ́ èèkù tuntun láti ara igi apá. Ó gbé ìdí ọ̀bẹ sínú iná títí ó fi pọ́n, ó tì í bọ inú igi, èéfín gba gbogbo arọ. Kó tó fi lé mi lọ́wọ́, ó ta ẹmu sílẹ̀ díẹ̀ fún Ògún. Mo fi àdí pa á lára, mo sì rán àkọ̀ awọ tuntun fún un. Àbúrò bàbá mi ló kọ́kọ́ fi kun ẹran, nígbà ọdún Kérésì.