Wọ́n ní òyìnbó kó ọmọ Bìáfírà lọ tà, ṣé lóòótọ́ ni?

Níbi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ogun Ojúkwu ní Ìlọrin ńbí, ì báà ṣe Ọjà Ọba, ì báà ṣe inú ọkọ̀ Ọ̀fà, kì í pẹ́ tẹ́nì kan á fi ní àwọn òyìnbó fi báàlù kó ọmọ Ìgbò lọ tà lóru, ìkankan ò sì padà wálé mọ́. Wọ́n kó ọmọ lọ lóòótọ́ o. Títà yẹn ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ebi ló fà á. Ìjọba àpapọ̀ ti dí ojú omi mọ́ Bìáfírà, Port Harcourt tún bọ́ lọ́wọ́ wọn ní May 1968, kò sẹ́ja, kò sẹ́ran, kò sí mílíìkì, ẹ̀gẹ́ ló kù táwọn èèyàn ń jẹ. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹ̀gẹ́ nìkan, ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, ikùn á yọ síwájú, irun á máa pọ́n, ẹni tí ò mọ̀ á tiẹ̀ rò pé ó sanra ni, kwashiorkor sì ni. Tó bá ti wá dójú ẹ̀ báyẹn, ẹ ò lè kàn bu àmàlà rẹpẹtẹ síwájú ẹ̀ o, oúnjẹ tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè pa á, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi mílíìkì fà á padà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ta ló sì fẹ́ ráyè ṣèyẹn níbi tí bọ́ǹbù ti ń já?

Báàlù tó ń kó panla àti iyọ̀ wọ Uli ní Bìáfírà (títì lásán ni Uli o, wọ́n kàn fẹ̀ ẹ́ ni, inú òkùnkùn ni wọ́n sì ń balẹ̀ kí wọ́n má bàa jù wọ́n ní bọ́ǹbù), òfìfo ló ń padà. Ìyẹn làwọn Caritas, ẹgbẹ́ aláàánú ìjọ Kátólíìkì, àti Red Cross Faransé fi ń kó àwọn ọmọ tí ebi ti fẹ́ pa jáde. São Tomé, Gabon àti Ivory Coast ni wọ́n ń kó wọn lọ, ilẹ̀ Áfíríkà ńbí náà ni.

Ogun parí ní January 1970, àwọn ọmọ bíi 5,000 ṣì wà ní Gabon àti Ivory Coast. Orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí ti gbè sẹ́yìn Ojúkwu, Nàìjíríà ò sì fẹ́ rí wọn sójú, àfi ìgbà tí UNHCR, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, dá sí i. Láti November 1970 ni báàlù ti ń kó wọn bọ̀, nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1971 ọ̀pọ̀ jù ti délé, Faransé lẹ́nu àwọn míì.

Àwọn bàbá wa tó ṣe sọ́jà, ẹ̀yìn Gowon ni wọ́n ti jà, wọn ò dé Libreville, olú-ìlú Gabon, ìdajì ìtàn ni wọ́n mú bọ̀. Òbí ọmọ gan-an, ọ̀pọ̀ ò mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ lọ. Mi ò ní bá yín jiyàn pé gbogbo ọmọ ló rí bàbá àti ìyá ẹ̀ padà, ogun ti pa àwọn òbí míì kí báàlù tó dé.