Fífọwọ́ ara ẹni pààrọ̀ fèrèsé ilé l'Ìlú Ọba: ìbéèrè àti ìdáhùn

Tí October bá ti dé báyìí ni ọ̀rọ̀ fèrèsé máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín àwa tá a ra ilé àtijọ́ sí London, Manchester àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gíláàsì ẹyọ kan ṣoṣo, igi tó ti ń jẹrà, hítà ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, òtútù ò kúrò nílé. Òfin England ni mò ń sọ o, Wales àti Scotland ní tiwọn.

Bọ̀dá, kí ló wà nínú double glazing yìí gan-an? Ṣebí gíláàsì náà ni.

Gíláàsì náà ni, méjì tí wọ́n kó pọ̀ sínú férémù kan, àmọ́ àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ló ń ṣe iṣẹ́ jù. Ó sábà máa ń tó mìlímítà 16, gáàsì argon ni wọ́n sì máa ń fi sínú ẹ̀ torí ooru kì í tètè gba inú ẹ̀ kọjá bó ṣe ń gba inú afẹ́fẹ́ lásán. Wọ́n á tún fi nǹkan kan tó fẹ́lẹ́ gan-an, tójú ò lè rí, kun ara gíláàsì lápá inú àlàfo yẹn, low-E ni wọ́n ń pè é, òun ló ń dá ooru hítà yín padà sínú yàrá. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ máa wò ni U-value, ìyẹn bí ooru ṣe ń yára gba ara fèrèsé jáde sí, bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Gíláàsì ẹyọ kan máa ń wà ní nǹkan bíi 5. Láti June 2022, fèrèsé tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò ti tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ ju 1.4 lọ, àbí kí lébẹ̀ẹ̀lì tó ń sọ bó ṣe ń pa ooru mọ́ sí wà ní B ó kéré tán, nítorí náà tẹ́nì kan bá fẹ́ ta èyí tó ti wà ní gáréèjì ẹ̀ látọjọ́ yìí fún yín ní ẹ̀dínwó, ẹ kọ́kọ́ béèrè nọ́ńbà yẹn.

Ṣé òfin gbà kí n ṣe é fúnra mi?

Ó gbà, àmọ́ ìwé wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́ńpìnnì tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ FENSA, ètò ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó ń ṣe fèrèsé, ló ṣe é, àwọn ló máa sọ fún káńsù, ìwé ẹ̀rí á wá bá yín nílé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, building control ti káńsù yín, ọ́fíìsì tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò, lẹ máa sọ fún kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ máa sanwó, wọ́n á wá wò ó, wọ́n á fún yín níwèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn fo ibẹ̀ yẹn torí wọ́n ní ilé àwọn ni, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ilé ni lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á á ní ìwé fèrèsé dà, wàhálà dé. Tó bá wá jẹ́ fúláàtì, ẹ ka lease yín, ìwé àdéhùn fúláàtì náà, dáadáa, ó ṣeé ṣe kí fèrèsé yẹn má jẹ́ tiyín rárá. Ilé tí ìjọba kà sí ilé ìtàn ńkọ́? Ẹ má fọwọ́ kàn án láìgbàṣẹ, ẹjọ́ ọ̀daràn ni.

Ẹ ṣàlàyé wíwọ̀n ẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gbé e sí i.

Ìta lẹ ti máa wọ̀n ọ́n, láti bíríkì dé bíríkì, torí pílásítà inú ilé máa ń bo apá kan férémù. Ẹ wọn ìbú ẹ̀ lókè, láàárín, nísàlẹ̀, èyí tó kéré jù lẹ máa mú, gíga náà bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ wá yọ mìlímítà 10 kúrò kí àyè lè wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti igun dé igun ní ìdábùú lẹ́ẹ̀mejì, tí ò bá dọ́gba, ihò náà wọ́ nìyẹn, ilé àtijọ́ tí ò wọ́ ò pọ̀. Ẹ má kánjú níbí o, fèrèsé tí wọ́n bá ti gé fún yín, wọn ò ní gbà á padà.

Kẹ́ ẹ tó yọ ti tẹ́lẹ̀, ẹ wo ohun tó gbé bíríkì òkè ẹ̀ dúró. Tí ò bá sí lintel, ìyẹn irin tàbí kọnkéré tó máa ń dábùú òkè fèrèsé, ó lè jẹ́ férémù yẹn gan-an ló ń gbé e. Bay window, ìyẹn èyí tó yọ síta, èmi ò ní kẹ́nikẹ́ni dán an wò fúnra ẹ̀, ẹ pe oníṣẹ́. Ọ̀dà àtijọ́ náà lè ní òjé nínú, ẹ má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, kẹ́ ẹ sì lé àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá gbé tuntun sí i, ẹ fi packer, àwọn pílásítíìkì pẹlẹbẹ yẹn, gbé e títí á fi dúró gún régé, kẹ́ ẹ tó fi síkúrù dè é. Síkúrù àkọ́kọ́ á wà ní bíi mìlímítà 150 sí igun, àwọn tó kù ò gbọdọ̀ jìnnà síra ju 600 lọ. Tẹ́ ẹ bá de síkúrù jù, férémù á tẹ̀, fèrèsé ò ní pa dé dáadáa mọ́. Fóòmù náà, díẹ̀díẹ̀ ni, ó máa ń wú. Àwọn ihò kéékèèké tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ férémù, ẹ má fi sílíkónì dí i jàre.

Mo pààrọ̀ fèrèsé tán, omi wá ń dà lára ẹ̀. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni?

Ibo ni omi náà wà? Tó bá wà láàárín gíláàsì méjèèjì, ìdè ẹ̀ ti já, ẹ lọ wo wáráńtì. Tó bá jẹ́ ìta ló wà láàárọ̀, inú yín ni kó dùn, ooru ilé ò dé ara gíláàsì ìta mọ́ ni ìrì ṣe ń sẹ̀ sí i.

Inú yàrá ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Fèrèsé àtijọ́ yẹn ń jò afẹ́fẹ́, òtútù ń wọlé lóòótọ́, àmọ́ ibẹ̀ náà ni èéfín omi ń gbà jáde. Báyìí ẹ ti dí gbogbo ẹ̀ pa, ẹ̀wà ń hó lórí iná láti àárọ̀, aṣọ tútù wà lórí hítà, èèyàn mẹ́fà ń fi omi gbóná wẹ̀, ibo ni kó gbà? Ara ògiri tó tutù jù ló máa lọ, ẹ̀yìn wọ́dírọ́bù, èéhu á bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní afẹ́fẹ́ ilé ò gbọdọ̀ burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n fi ń fi trickle vent sókè férémù, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ lè ṣí kẹ́ ẹ lè tì. Ẹ ṣí i sílẹ̀, kẹ́ ẹ tan fáànù kíṣìnì.

Owó mi ò ká a ńkọ́?

Tí férémù bá ṣì dáa tó jẹ́ omi ló ti wọ àárín gíláàsì ẹ̀, gíláàsì nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Tó bá jẹ́ ilé rẹ́ńtì, ẹ bi lánlọ́ọ̀dù bóyá ẹ lè fi secondary glazing, gíláàsì kejì tí wọ́n ń gbé sí inú láìyọ ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n tí kò bá sí òwú tó ń dá ooru dúró kankan lórí àjà yín, ẹ fi fèrèsé sílẹ̀ ná, òkè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ náwó sí.