Aṣòfin Tí Kò Wá Dìbò, Ìbò Rẹ̀ Ti Wọlé: Bí Àtúnṣe Ìwé Òfin Ṣe Ń Há Sọ́nà

Bí ọnọ́rébù kan bá bọ́ sórí rédíò ní Àkúrẹ́, tó ní òun ò fara mọ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, pé kí ìjọba ìbílẹ̀ ṣì wà lábẹ́ gómìnà, pé ìpínlẹ̀ 36 tó wà nílẹ̀ ti tó, ibi tí àríyànjiyàn máa ń mọ ni bóyá òótọ́ ló sọ tàbí kò mọ ohun tó ń sọ. Àwọn kan á bú u, àwọn kan á gbè é lẹ́yìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí ni pé kò tiẹ̀ nílò kó sọ ọ́. Lórí ohunkóhun tó bá ti wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè, aṣòfin tó fẹ́ kí nǹkan dúró bó ṣe wà ò ní láti bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Kò ní láti yí ẹnikẹ́ni lọ́kàn padà. Kódà, kò pọn dandan kó yọjú sílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìdìbò. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ka ìbò ti gbè é kó tó jí.

Ká tètè kọjá lórí àbádòfin lásán, nítorí ọ̀pọ̀ ti mọ ọ̀nà rẹ̀: kíkà àkọ́kọ́, kíkà kejì, ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó, kíkà kẹta, ìbuwọ́lù. Ìkà ìbò rẹ̀ nìkan ló kàn wá níbí. Bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá ti wà nínú ilé, ìjókòó ti tó. Nílé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 109, ènìyàn 37 nìyẹn. Ẹni tó ń darí ìjókòó kì í dìbò àfi tí ìbò bá dọ́gba, nítorí náà 36 ló kù, ìbò 19 sì ti borí. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í tiẹ̀ kà á. Olórí ilé á ní kí àwọn tó gbà wí pé “áì”, kí àwọn tí kò gbà wí pé “néè”, á tẹ́tí sí ariwo méjèèjì, á sọ èyí tó gbọ́ pé ó borí, á sì fi òòlù lu tábìlì. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìwé. Ẹni tí kò wá ti fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ ṣòfò, iṣẹ́ ń lọ láìsí i.

Àtúnṣe ìwé òfin ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Abala 9 nínú ìwé òfin ọdún 1999 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo ọmọ ilé ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Gbogbo ọmọ ilé ló wí, kì í ṣe àwọn tó wá lọ́jọ́ náà. Ìyẹn ni pé ìbò 73 gbọ́dọ̀ jáde láàárín àwọn sẹ́nétọ̀ 109, ìbò 240 sì gbọ́dọ̀ jáde láàárín aṣojú-ṣòfin 360. Ẹsẹ kẹrin abala náà tún wá fi kọ́kọ́rọ́ kún un: bí àga kan bá tilẹ̀ ṣófo, wọn ò ní yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Aṣòfin tó wà lórí ibùsùn àìsàn, èyí tó rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, èyí tí ilé ẹjọ́ ti gba ìjókòó lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọn ò tíì dìbò yan arọ́pò, èyí tó ti kú, gbogbo wọn ni ìṣirò kà mọ́ àwọn tí kò gbà. Bí sẹ́nétọ̀ 80 bá wá, tí 70 gbà tí mẹ́wàá péré kọ̀, àtúnṣe náà ti ṣubú. Ẹni tó bá gbọ́ ọ nínú ìròyìn á ní 70 ò lè pàdánù sọ́wọ́ mẹ́wàá. Kì í ṣe mẹ́wàá ló borí o. Àwọn 29 tí kò sí nílé ló parí ẹ̀.

Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń ta ilẹ̀ ẹbí, ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, á tètè lóye rẹ̀. Ilẹ̀ bàbá ńlá ni, ojúlé mẹ́fà ló ni ín. Oníbàárà ti dé, wọ́n ti wọn ilẹ̀, wọ́n ti ri pílà mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mọ̀lẹ́bí tí kò fẹ́ kí wọ́n tà á kì í pariwo. Á kàn wábi gbà lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé, fóònù rẹ̀ á máa dún, kò ní gbé e. Ojúlé tí àgbà wọn papò dà lọ́dún tó kọjá, tí wọn ò tíì fi ẹlòmíràn rọ́pò, àga tiwọn ṣófo, ṣùgbọ́n ọwọ́ tiwọn náà gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Bí olórí ẹbí bá dá nìkan tà á láìsí àwọn àgbà ojúlé, lọ́yà á dé, ilé ẹjọ́ sì lè wọ́gi lé e, owó oníbàárà á wá há. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀ kì í fi í sanwó tán kí gbogbo ojúlé tó pé. Ẹni tó fẹ́ tà ló ń sáré kiri láti ojúlé dé ojúlé, tó ń bẹ̀bẹ̀, tó ń ra ọtí àti obì. Ẹni tí kò fẹ́ tà jókòó sílé. Bí ọdún sì ti ń gorí ọdún, ilẹ̀ ṣì ń jẹ́ ilẹ̀ ẹbí.

Ọgbọ́n wà níbẹ̀, kò sì yẹ ká fi ojú kéré e. Ohun tí gbogbo ènìyàn jọ ni, kò yẹ kí àwọn díẹ̀ tó tètè jí tà á láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn jù ni ìgbà tí ìwé bá kúrò ní Àbújá. Lẹ́yìn tí ilé méjèèjì bá ti fọwọ́ sí i, ìwé á lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 36, mẹ́rìnlélógún nínú wọn ló gbọ́dọ̀ gbà. Wọn ò lè fi kọ́mà kan kún un, wọn ò lè yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò: bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni. Wàyí o, nínú gbọ̀ngàn ní Àkúrẹ́, ìṣirò tún yí padà. Aṣòfin 26 ló wà nílé ìgbìmọ̀ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, ìyẹn mẹ́sàn-án, tó láti jókòó. Bí Abẹnugan bá ń darí, mẹ́jọ ló kù tó lè dìbò, márùn-ún sì ti borí. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin sí mẹ́rin, ìbò Abẹnugan ló máa yanjú rẹ̀. Aṣòfin márùn-ún lè fi ohùn gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18 sọ pé Oǹdó gbà.

Nítorí náà, ní Àbújá, àìwá aṣòfin túmọ̀ sí kíkọ̀. Ní Àkúrẹ́, àìwá rẹ̀ ò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ilé ìgbìmọ̀ Àkúrẹ́ fúnra rẹ̀ ò bá gbé ìwé náà yẹ̀ wò rárá, kíkọ̀ ni orílẹ̀-èdè á kà á sí. Ìwé òfin ò sì dá ọjọ́ kankan fún ìpínlẹ̀ láti dáhùn. Bí ilé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ 13 bá ti ìwé náà sínú àpótí, tí wọ́n ń bá iṣẹ́ mìíràn lọ, àtúnṣe ti kú láìsí pé ẹnì kan dìde kọ̀ ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òmìnira ìjọba ìbílẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì l'Ábùújá dìbò lórí àbádòfin àtúnṣe 68, wọ́n sì fi 44 ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. Márùndínlógójì ló rí ìpínlẹ̀ 24. Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu 16 nínú wọn ní oṣù kẹta ọdún 2023, lára wọn èyí tó fún ìpínlẹ̀ láǹfààní láti pèsè iná mànàmáná kó sì pín in kódà níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ bá dé. Òmìnira owó ìjọba ìbílẹ̀ ò sí lára 35 yẹn. Ó ti gba ilé méjèèjì kọjá ní Àbújá, ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ ló kú sí. Gómìnà ò ní ìbò níbẹ̀, kò sì ní ìwé kankan tó máa buwọ́ lù. Ṣùgbọ́n àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tó wà ní Abala 162 ni àtúnṣe yẹn fẹ́ fọwọ́ kàn, abẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ sì ni àpò náà wà. Ìgbà tó yá, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ náà gbà: ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá a tààrà. Ìdájọ́ ṣe ohun tí ìbò ò lè ṣe.

Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ le ju ìyẹn lọ, torí ibi tó ti wọ inú ìwé òfin ju ẹyọ kan. Abala 214 sọ pé ọlọ́pàá kan ṣoṣo ló máa wà ní Nàìjíríà, kò sì gbọdọ̀ sí òmíràn níbikíbi. Abala 215 fi gbogbo wọn sábẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Ó gba gómìnà láyè láti pàṣẹ fún kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kọmíṣọ́nnà lè ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi Ààrẹ kí òun tó ṣe é. Nínú àkójọ iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìlà 45 ni ọlọ́pàá wà. Àbádòfin tó bá tún 214 ṣe tó gbàgbé ìlà 45 ti fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ níta. Ìpínlẹ̀ á ní àṣẹ láti dá ọlọ́pàá sílẹ̀, kò ní ní àṣẹ láti ṣòfin lé e lórí.

Ẹ̀rù tó ń ba aṣòfin tó ń takò ó kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ò gbàgbé ọlọ́pàá ìbílẹ̀ ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn akódà tí olóṣèlú ń lò láti fi mú alátakò kí ológun tó gbàjọba lọ́dún 1966. Ọ̀rọ̀ ẹni tó máa san owó oṣù ọlọ́pàá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí náà ló rí ìkọlù ilé ìjọsìn ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022. Àmọ̀tẹ́kùn tí òfin Oǹdó gbé dìde ní ọdún 2020, lásìkò Gómìnà Rótìmí Akérédolú, wáyé nítorí pé ilé ìgbìmọ̀ Àkúrẹ́ lè ṣe òfin ẹ̀ṣọ́ láìfọwọ́ kan Abala 214. Iṣẹ́ tó lè ṣe ló ń ṣe, àmọ́ kì í ṣe ọlọ́pàá, ohun ìjà ọwọ́ rẹ̀ ò sì tó ti ajínigbé inú igbó.

Ti dídá ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ló wá le jù. Abala 8 fẹ́ kí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣojú agbègbè náà l'Ábùújá, nílé ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ àti ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ béèrè fún un, lẹ́yìn náà kí ará ìlú dìbò, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn gbà, kí ọ̀pọ̀ jù nínú gbogbo ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí i, kó tó wá padà sí Àbújá fún ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé méjèèjì. Bí ẹnì kan bá ní kí wọ́n mú abala náà rọrùn díẹ̀, ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ló máa nílò: sẹ́nétọ̀ 88, aṣojú-ṣòfin 288. Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn tó wáyé lọ́dún 1963 nìkan ni ará ìlú dìbò fún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó fúnra rẹ̀, àṣẹ ológun ló dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, àṣẹ ológun náà ló sì yọ Èkìtì kúrò lára rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996. Ìwé òfin 1999 tó ń béèrè gbogbo ìbò wọ̀nyí náà, Dìkírì 24, ìyẹn àṣẹ ìjọba ológun, ló gbé e jáde.

Bí ilẹ̀kùn náà ṣe le tó ò burú. Ohun tó burú ni pé ẹnikẹ́ni lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ láìsí ẹni tó mọ̀. Aṣòfin tó bá gbà gbọ́ pé ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ máa di pàṣán lọ́wọ́ gómìnà ní ẹ̀tọ́ láti dìde sọ ọ́, kó dìbò kò ó, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Òun àti ẹni tó kàn lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ náà kò yẹ kí wọ́n jọ wà nínú iye kan náà. Ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, ó yẹ kí ìwé òfin dá oṣù fún wọn, bóyá mẹ́ta, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi jókòó, kí wọ́n sì dìbò, ì báà ṣe láti kọ̀. Láìsí ìyẹn, ọdún mẹ́rin ilé ìgbìmọ̀ á pé, gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ á sì dòfo. Bí Ààrẹ bá sì kọ̀ láti buwọ́ lù ú bí Goodluck Jonathan ti ṣe ní oṣù kẹrin ọdún 2015, nígbà tó ku bí oṣù méjì kí ilé ìgbìmọ̀ náà túká, àkókò láti dìbò lé e lórí kò sí mọ́.

Nítorí náà, bí ọnọ́rébù bá tún dé orí rédíò, ìbéèrè tó wúlò ò pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n dìbò lórí abala yìí, ṣé ó wà nínú ilé? Kí ni ìbò tó tẹ̀? Lórí àtúnṣe ìwé òfin, wọ́n gbọ́dọ̀ ka ìbò, àkọsílẹ̀ ìjókòó ọjọ́ náà sì máa ń wà lọ́wọ́ akọ̀wé ilé. Fún àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó wà ní Àkúrẹ́, ìbéèrè ti wọn tún kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ wo ni ìwé náà dé láti Àbújá, ọjọ́ wo ni ẹ sì jókòó lé e lórí?