ARCE: Àjọ aláìlérè tó ń ran Íjíbítì lọ́wọ́ lórí ìwádìí àti ìtọ́jú ohun àtijọ́

American Research Center in Egypt, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí ARCE, jẹ́ àjọ aláìlérè ti Amẹ́ríkà tó ń ṣètìlẹ́yìn fún àwọn tó ń ṣèwádìí nípa Íjíbítì, tó sì tún ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ kí wọ́n má baà bàjẹ́ tán. Ìlú Boston ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1948, nígbà tó sì di 1951 wọ́n ti ṣí ọ́fíìsì sí Káírò. Olú ọ́fíìsì wọn ní Amẹ́ríkà báyìí wà ní Alexandria, kì í ṣe Alexandria ti Íjíbítì o, èyí tó wà ní ìpínlẹ̀ Virginia ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ayé àwọn Fáráò nìkan ni wọ́n ń wá kiri, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá: ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Kọ́ptì (ìyẹn àwọn Kristẹni ìbílẹ̀ Íjíbítì), mọ́ṣáláṣí, ẹnubodè, ilé omi inú àdúgbò, gbogbo ẹ̀ ló wà nínú iṣẹ́ wọn.

Ibi tí owó ti ń wá

Owó tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń san àti ẹ̀bùn àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ náà ló ń gbé àjọ yìí ró, owó ìjọba Amẹ́ríkà náà sì wà ńbẹ̀, pàápàá láyé USAID, àjọ ìrànwọ́ ìjọba Amẹ́ríkà fún ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n tì pa ní 2025, nítorí òun ló gbé ẹrù tó wúwo jù níbi àwọn àtúnṣe ńláńlá. Lára owó yẹn ni wọ́n ti ń san owó ìwádìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ PhD àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n lè gbé Íjíbítì fún oṣù mélòó kan, kí wọ́n ka ìwé níbẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí ohun tí wọ́n ń kọ̀wé lé lórí. Wọ́n ní láíbìrì ní Káírò, wọ́n sì ní jọ́nà tiwọn tó ti ń jáde látọdún 1962.

Pé owó wà lọ́wọ́ wọn ò ní kí wọ́n kàn máa walẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n. Ìjọba Íjíbítì ló ni gbogbo ohun àtijọ́ tó wà nílẹ̀ yẹn, òun ló ń fúnni níwèé àṣẹ, ínsípẹ́kítọ̀ ìjọba sì gbọ́dọ̀ wà níbi iṣẹ́. Láyé àtijọ́ ọ̀rọ̀ ò rí báyìí. Egypt Exploration Society ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Amelia Edwards wà nídìí ìdásílẹ̀ ẹ̀ ní 1882, owó táwọn èèyàn ń dá ni wọ́n fi ń walẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì parí, wọ́n á pín ohun tí wọ́n rí pẹ̀lú ìjọba, ìpín tiwọn á wọkọ̀ ojú omi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù àwọn ìlú tó dáwó. Òfin nọ́ńbà 117 ti ọdún 1983 ló fòpin sí ìpín yẹn. Ẹni tó bá dáwó lónìí ò ní rí ère kankan gbé lọ sílé, ìmọ̀ àti àtúnṣe nìkan lowó ẹ̀ ń rà, ibẹ̀ gan-an sì ni iyì iṣẹ́ náà wà.

Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ 1992

Ní ọ̀sán ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá 1992, ilẹ̀ mì tìtì ní Káírò, ó lé ní 500 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ sì sán. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ìtọ́jú ARCE wá di ńlá, torí USAID gbé owó fún wọn pé kí wọ́n fi tún àwọn ibi tó wà nínú ewu ṣe.

Ọ̀kan nínú ẹ̀ ni Bab Zuwayla, ẹnubodè òkúta kan ní Káírò tí wọ́n kọ́ ní 1092, ọ̀kan nínú mẹ́ta tó ṣẹ́kù lára odi ìlú náà láyé ìjọba Fátímíìdì, ìdílé ọba Mùsùlùmí tó ṣàkóso Íjíbítì nígbà yẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1998 títí di 2003. Ilẹ̀kùn ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán fún àwọn ará àdúgbò, nítorí fún ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń kan ìṣó mọ́ ọn láti fi wá ìwòsàn, àwọn kan á so irun orí tàbí àkísà aṣọ mọ́ ọn, ẹni tí eyín ń dùn á fi eyín tó ti yọ síbẹ̀. Tí èèyàn bá ní kóun fọ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdọ̀tí àti ohun tí í ṣe ìtàn.

Èyí tó wúni lórí jù ni Red Monastery, ilé àwọn mọ́ǹkì Kọ́ptì nítòsí ìlú Sohag ní apá gúúsù Íjíbítì. Ìparí sẹ́ńtúrì karùn-ún ni wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, kíkùn tó wà lára ògiri àti òpó ẹ̀ sì gba ibi tó pọ̀ jù nínú ilé náà, àmọ́ èéfín àbẹ́là àti tùràrí ti bò ó mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó bá wọlé, dúdú ló máa rí. Elizabeth Bolman, tó jẹ́ onímọ̀ nípa iṣẹ́ ọnà, ló ṣáájú pírójẹ́ẹ̀tì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000 síwájú, àwọn ọmọ Ítálì tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn jẹ́ títún kíkùn àtijọ́ ṣe, lábẹ́ Luigi De Cesaris, ló wà lórí pèpéle igi lọ́dọọdún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n á wo ibi tí kíkùn ti fẹ́ ṣí, wọ́n á kọ́kọ́ lẹ̀ ẹ́ padà kí wọ́n tó kan ìdọ̀tí orí ẹ̀. Nígbà tí èéfín kúrò, àwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti yẹ́lò yọ síta, ojú àwọn ẹni mímọ́ yọ, wọ́n sì rí i pé wọn ò kùn ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n ti kùn ún léraléra. Àwọn mọ́ǹkì ṣì ń gbàdúrà ńbẹ̀ títí dòní. Ṣáájú ìyẹn, láti 1996, ARCE ti ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ilé mọ́ǹkì St. Antony lọ́nà Òkun Pupa, níbi tí ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Theodore ti kun ògiri ní nǹkan bí ọdún 1233.

Omi àti iyọ̀ ní Luxor

Ọ̀tá tó le jù fún Karnak àti tẹ́ḿpìlì Luxor, tẹ́ḿpìlì ńlá méjì ayé àwọn Fáráò nílùú Luxor ní apá gúúsù Íjíbítì, kì í ṣe olè, omi ni. Látìgbà tí dáàmù ńlá Aswan ti parí ní 1970, odò Náílì ò kún bo oko mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ wá ń fomi rin oko látọdún dọ́dún, ìrèké sì wà lára ohun tí wọ́n ń gbìn, ìgboro náà ń fẹ̀ sí i, omi abẹ́ ilẹ̀ bá ń gòkè. Òkúta oníyanrìn tí wọ́n fi kọ́ tẹ́ḿpìlì máa ń fa omi yẹn mu bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo, omi náà ò sì dá wá, iyọ̀ ló gbé dání. Bí oòrùn bá fa omi lọ, iyọ̀ á ṣẹ́kù sínú òkúta, á dì, á wú, á máa ti ojú òkúta síta látinú. Tèèyàn bá fọwọ́ kan irú ibẹ̀, ojú òkúta tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí á kàn rún wálẹ̀ bí iyanrìn.

Wọ́n wá gbẹ́ gọ́tà jíjìn yí àwọn tẹ́ḿpìlì méjèèjì ká pẹ̀lú owó USAID, omi ń ṣàn síbẹ̀, pọ́ǹpù sì ń lé e lọ sínú Náílì, iṣẹ́ yẹn parí ní 2006. Nítorí pé kò síbi tí wọ́n gbẹ́ ní Luxor tí wọn ò ní bá nǹkan pàdé, àwọn awalẹ̀pìtàn dúró ti iṣẹ́ náà láti kọ gbogbo ohun tó bá yọ sílẹ̀. Ara òkúta fúnra ẹ̀ ní ìtọ́jú tiẹ̀: wọ́n á po bébà tí wọ́n ti rẹ sínú omi mímọ́ títí tó fi rí bí ẹ̀kọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, bó bá ti ń gbẹ ló ń fa iyọ̀ jáde, wọ́n á ṣí i kúrò, wọ́n á tún lẹ òmíràn.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ Íjíbítì

Ẹ̀sùn kan wà tó tọ̀nà nípa irú àwọn àjọ báyìí, pé fún ọdún gbọọrọ àwọn òyìnbó ló ń kọ ìwé, àwọn ọmọ onílẹ̀ ló ń ru iyanrìn. Ilé ẹ̀kọ́ orí pápá wà lára ohun tó ń yí èyí padà. AERA (Ancient Egypt Research Associates), àjọ aláìlérè mìíràn tí awalẹ̀pìtàn Mark Lehner wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1985, tó sì hú ìlú àwọn tó kọ́ pírámíìdì síta ní Giza nítòsí Káírò, òun àti ARCE bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ínsípẹ́kítọ̀ ìjọba ní 2005: bí wọ́n ṣe ń walẹ̀ ní ìpele ìpele, yàwòrán, to àfọ́kù ìkòkò, kọ ìròyìn. Àwọn kan tó kọ́ ọ padà wá di olùkọ́ níbẹ̀. Ní Luxor, ARCE fi ibojì Djehuty, agbọ́tí ọba láyé àwọn Fáráò Hatshepsut àti Thutmose kẹta, ṣe ibi ìkọ́ṣẹ́, nígbà tó sì di 2015 iṣẹ́ àyíká ibẹ̀ ṣí ibojì méjì tẹ́nikẹ́ni ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ síta. Lẹ́yìn rògbòdìyàn òṣèlú Íjíbítì ní 2011 tí àwọn àlejò ò wá mọ́, wọ́n gba ọ̀pọ̀ ará Luxor síṣẹ́ láti palẹ̀ àwókù ilé mọ́ ní apá ìwọ̀ oòrùn odò.

Fọ́tò, máàpù àti ìròyìn iṣẹ́ ọdún wọ̀nyí ni ARCE ń kó sórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí fún ẹnikẹ́ni láti wò lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó wà ní Sohag lè ṣí fóònù ẹ̀ kó rí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò ẹ̀ bó ṣe dúdú kí wọ́n tó fọ̀ ọ́.