Ohun tí òórùn jíjóná ò lè sọ nípa ìdí ìkòkò

Kí wọ́n tó gbé ẹni tí òkúta òróòro ń dà láàmú wọ tíátà láti yọ àpò òróòro rẹ̀, wọ́n á ti fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sí láàbù. Lára ohun tí oníṣẹ́ abẹ máa ń yẹ̀ wò ni CRP, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ibì kan nínú ara bá gbiná, àti iye sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń bá àrùn jà. Bí méjèèjì bá ga, ó ti mọ̀ pé àpò òróòro náà lè le mọ́ òun lọ́wọ́, pé ihò kéékèèké àti kámẹ́rà lè má tó, kó di pé wọ́n ń la ikùn. Èyí kò ṣòroó gbà. Òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣì gbà gbọ́: pé bí nọ́ńbà bá ti wálẹ̀, iṣẹ́ ti rọrùn nìyẹn. Irọ́ gbuu.

Ká ní ẹ̀wà ń jóná nínú ilé face-me-I-face-you. Òórùn gba ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ayálégbé ló gbọ́ ọ, kò sẹ́ni tó mọ ìkòkò ta ni. CRP ni òórùn yẹn. Àpò òróòro kọ́ ló ń ṣe é. Ẹ̀dọ̀ ló ń tú u sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ìròyìn bá kàn án pé ibì kan nínú ara ti gbiná, ibi yòówù kó jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn tí òtútù àyà ń ṣe ni wọ́n tilẹ̀ ti kọ́kọ́ rí i ní New York lọ́dún 1930. Láàárín bíi wákàtí 6 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Tí iná bá ti kú, ìdajì rẹ̀ á pòórá láàárín bíi wákàtí 19, ìdajì èyí tó kù á tún tẹ̀ lé e. Kò ní pẹ́ tí afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ á fi mọ́.

Ẹni tó fẹ́ fọ ìkòkò, ìyẹn oníṣẹ́ abẹ, wá ńkọ́?

Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ tí òkúta dí ọrùn àpò náà, omi ló ń kún inú awọ rẹ̀. Omi yẹn a tilẹ̀ máa ran oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, nítorí ó ń jẹ́ kí àpò ṣí kúrò lára ẹ̀dọ̀, bí ẹ̀wà tí wọ́n tètè bomi sí kó tó gan. Tó bá kọjá wákàtí 72, ara ibẹ̀ á máa ya, ẹ̀jẹ̀ á máa yọ níbi tí ọwọ́ bá ti kàn án. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi ti gbẹ, àpá ti dé. Àpá a máa súnkì, a sì máa fa àpò náà mọ́ ọ̀pá tó ń gbé òróòro láti ẹ̀dọ̀ lọ sí ìfun. Ọrùn àpò àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yẹ kí wọ́n gé, ṣùgbọ́n nínú àpá, gbogbo wọn jọ ara wọn. Bí ọ̀bẹ bá ṣi ọ̀pá ńlá gé, wàhálà ọlọ́dún gbọọrọ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà gan-an, CRP aláìsàn lè dà bíi ti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù.

Àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí òkúta òróòro kì í pẹ́ dé bá, tún ní tiwọn: sẹ́ẹ̀lì funfun wọn sábà máa ń ga lọ́jọ́ tí ara wọn dá pàápàá.

Ìlànà Tokyo ti 2018, tí àwọn dókítà fi ń díwọ̀n bí àìsàn àpò òróòro ṣe le tó, gbọ́n níbi yìí. Ó ka sẹ́ẹ̀lì funfun tó lé ní 18,000 sí àmì pé àìsàn náà ti le díẹ̀, ó sì fi ìrora tó ti ju wákàtí 72 lọ sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Aago ń sọ ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti gbàgbé. Ìbéèrè kan sì wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, tó yẹ kó ṣáájú abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀: “Ìgbà wo ni inú yìí kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í run yín, ẹ̀ẹ̀melòó ló sì ti lọ tó tún padà wá?”