Ohun tó ń dojú katakata dé

Bí a bá gbé ọmọ odó lé orí ìka kan, agbedeméjì kọ́ ni yóò ti dúró. Ó di ìgbà tí ìka bá sún mọ́ orí tó nípọn. Ojú ìwúwo rẹ̀ nìyẹn. Katakata náà ní tirẹ̀. Lára èyí tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń tì, ó sábà máa ń wà ní nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà síwájú irin tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, ó sì fi nǹkan bí 25 ga ju irin náà lọ.

Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń wá a. Wọ́n á wọn katakata lódindi, wọ́n á sì tún wọn táyà iwájú nìkan. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,400 kílò, tí iwájú gbé 800, tí àárín táyà iwájú sí tẹ̀yìn sì jẹ́ 210 sẹ̀ǹtímítà. Ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo ló wà níwájú, nítorí náà ojú ìwúwo wà ní ìdá kan nínú mẹ́ta 210 láti ẹ̀yìn, ìyẹn 70. Ti gíga le díẹ̀: wọ́n á fi jáàkì gbé iwájú sókè, wọ́n á tún un wọ̀n. Bí ojú ìwúwo bá ṣe ga tó ni òṣùwọ̀n iwájú yóò ṣe já wálẹ̀ tó.

Táyà mẹ́rin yẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Irin tó so táyà iwájú pọ̀ rọ̀ mọ́ ìdè kan ṣoṣo láàárín, kó lè máa ṣe jáńgìrọ́fà lórí gegele. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ni katakata fi dúró ní tòótọ́: táyà ẹ̀yìn méjì àti ìdè yẹn. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, àmọ́ ta ló ń gbé ààrò gun òkè? Bí okùn bá ti ojú ìwúwo sọ̀ kalẹ̀ tààrà, tó sì bọ́ sẹ́yìn ààrò yìí, ó parí nìyẹn. Lórí ilẹ̀ Abẹ́òkúta, níbi tí òkúta ti ń yọrí láàárín oko ẹ̀gẹ́, kò pẹ́ tí táyà òkè fi ń gun àpáta, tí tìsàlẹ̀ ń bọ́ sí poro. Eré sísá tún burú sí i: bó bá di ìlọ́po méjì, agbára tó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi kọ́nà di ìlọ́po mẹ́rin.

Èyí tó ń yára pa awakọ̀ jù ni ti kùkùté. Bí wọ́n bá so ṣéènì mọ́ ibi tó ga lẹ́yìn katakata, tí kùkùté kọ̀ tí kò fà tu, táyà ẹ̀yìn ò ní lè yí, ẹ́ńjìnnì á wá gbé iwájú dìde. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ààbọ̀, ó ti dojú dé. Ẹsẹ̀ awakọ̀ ò tíì dé orí kílọ́ọ̀ṣì. Ìdí nìyẹn tí ṣéènì fi gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, lára irin ìfàǹkan, tí katakata tó bá sì rì sínú ẹrọ̀fọ̀ fi ń fi ẹ̀yìn jáde: bó bá ń padà sẹ́yìn, ṣe ni ẹ́ńjìnnì ń tẹ iwájú mọ́lẹ̀.