Bí kíka ọkọ̀ ṣe di ọ̀nà àtimọ ibi tí ará ìlú ń lọ

Bí èèyàn bá mú bírò àti ìwé dúró ní Mayfair nílùú Ilé-Ifẹ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà Lágèrè kò ṣòro kà. Ìlà mẹ́rin lóòró, ìkarùn-ún níbùú, ó di márùn-ún. Ohun tí ìwé náà kò ní sọ ni èyí tó ti Kámpọ́ọ̀sì bọ̀ àti èyí tó ti Ìbàdàn wá, èyí tó ń lọ Sábó àti èyí tó ń lọ Ẹnuwá. Bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ni ẹni tó fẹ́ la títì tuntun ń wá.

Ìbéèrè ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ̀ ọ́n. Láti 1944 ni wọ́n ti ń lọ láti ilé dé ilé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń bi èèyàn pé níbo ló lọ lánàá. Àwọn mìíràn ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. (Ẹ dá awakọ̀ akérò dúró ní Lágèrè, kí ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́wàá, ẹ ó gbọ́ èébú.) Owó gọbọi ló ń ná wọn. Iye ọkọ̀ tí wọ́n kà ní tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ ní ọ́fíìsì, kò sì wọ́n.

Ní 1975, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Robillard gbé ìwé jáde lórí bí a ṣe lè ti ara iye yẹn mọ ìrìn àwọn èèyàn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdáhùn kì í ṣe ẹyọ kan. Ká ní 100 ọkọ̀ ti Kámpọ́ọ̀sì wá, 100 ti Ìbàdàn. 100 yà sí Sábó, 100 sí Ẹnuwá. Ó lè jẹ́ pé gbogbo ti Kámpọ́ọ̀sì ló lọ Sábó. Ó sì lè jẹ́ 50 síbí, 50 sọ́hùn-ún. Iye tí a kà kò yí padà.

Onímọ̀ mìíràn, Alan Wilson, ti la ọ̀nà sílẹ̀ láti 1967: nínú gbogbo àtẹ (ìyẹn ìwé tó ń fi iye tó ti ibì kan lọ sí ibòmíràn hàn) tó bá iye mu, èyí tó lè gbà ṣẹlẹ̀ lọ́nà tó pọ̀ jù ni kí a mú. Ọ̀nà kan péré ni gbogbo ti Kámpọ́ọ̀sì lè gbà lọ Sábó. Ti àádọ́ta-àádọ́ta kò lóǹkà. Willumsen ní Yunifásítì Leeds àti Van Zuylen ará Netherlands, tí kálukú ti ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, para pọ̀ lo ọ̀nà yìí fún iye ọkọ̀ tí a kà, wọ́n sì kọ ọ́ jáde ní 1980.

Lójú tèmi, àtẹ àtijọ́, ìyẹn èyí tó ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ka ọkọ̀, ni ọkàn iṣẹ́ náà: òun ni wọ́n ń tún ṣe títí yóò fi bá iye tuntun mu. Bí ti àtijọ́ bá ti wọ́, kíka nìkan kò lè tọ́ ọ. Ní 1984, Cascetta ará Ítálì fi kún un pé ẹni tó ń kà pàápàá lè ṣì í kà, nítorí náà kí a má gba èyíkéyìí gbọ́ tán. Ó sì tún kan ojú ọ̀nà tí kálukú gbà: ọlọ́kadà tó bá sá fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tó gba ẹ̀yìnkùlé já sí Ẹnuwá, kò sí nínú ìwé Mayfair rárá.